Ẹni Tí Yóò Dáhùn fún Òrí Náà

1

…títí ara ọmọ náà fi sú láti ọrùn dé ìdí, ibà sì gbé e. Ìyá rẹ̀ ní òun kò fi nǹkan kan pa á lára àfi òrí wa. Ọmọ tuntun ni, Agwang, ìwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Wọ́n ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn, àwọn ìjọba sì ti wá kó gbogbo òrí tó kù nílé mi, wọ́n ní

Ibẹ̀ ni ohùn Abeja já.

Mo wà lábẹ́ igi kan ṣoṣo tí a ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì ní abúlé wa, mo na fóònù sókè bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹyẹ. Mo pè é, kò wọlé. Mo tún pè é.


2

ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÀN
(mo kọ wọ́n sílẹ̀ kí orí mi lè dúró sójú kan)

Abeja, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ljíọ̀mù ló ń gbé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, bí kò bá sì sí lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ta òrí wa.

Èmi, Agwang. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí níbí, ní Otuke. Gbogbo ìwé tó ń bá ẹrù lọ, èmi ni mò ń kọ ọ́.

Imat Awor, alága wa. Imat ni à ń pe ìyá lédè wa.

Ssebowa, ajẹ́ńtì tó ń bá wa kó ẹrù kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Kampala, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ló wà.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá wa.

Ọmọ náà. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ fún Abeja.


3

ÌKÌLỌ̀
(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́)

Ìbọ̀wọ́.
Àwọ̀n orí.
Ìbomú.
Ẹ MÁ ṣe wúkọ́.
Ẹ MÁ ṣe sín.
Ẹ MÁ ṣe tọ́ ọ wò.
Ẹ MÁ ṣe sọ̀rọ̀ lórí ike tó ṣí sílẹ̀.
Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹnì kan ti fi gègé kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: ṣé ká má mí náà ni?


4

Ìpè. Èmi àti Ssebowa, kí ẹrù tó lọ.

SSEBOWA: Màdáámù, ìwé yìí ń béèrè, ti ara ni àbí ti ẹnu?

ÈMI: Méjèèjì.

SSEBOWA: Kò sí méjèèjì níbẹ̀.

ÈMI: Òrí tí à ń fi sí ọbẹ̀ ewé malakwang náà la fi ń pa ọmọ lára, ọ̀gá. Inú ìkòkò kan náà la ti ń bù ú.

SSEBOWA: Mo mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ibi ìkẹ́rù fi díẹ̀ din ẹyin. Wọ́n ní ó dùn.

ÈMI: Wọ́n ṣí ẹrù wa?

SSEBOWA: Ike àyẹ̀wò yẹn ni, èyí tí ẹ fi ṣe àfikún. Ẹ jẹ́ ká parí eléyìí. Bí ẹ bá ní ti ẹnu ni, ìwé oúnjẹ yàtọ̀, àyẹ̀wò oúnjẹ yàtọ̀, ọ̀nà tó ń gbà wọlé yàtọ̀. Ọdún á yí po lórí rẹ̀. Ẹ kọ ti ara.

ÈMI: Ti ara.

SSEBOWA: Ó ku ẹyọ kan. Òfin Bẹ́ljíọ̀mù ni pé kí orúkọ ẹnì kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wà lára ike. Ẹni tí yóò dáhùn.

ÈMI: Dáhùn kí ni?

SSEBOWA: Ohunkóhun.


5

(ohun tí a kọ sára ike)

ÒRÍ OTUKE
Fún pípa ara nìkan.
Ẹ má ṣe jẹ ẹ́.
Ẹni tí yóò dáhùn: ABEJA

Nígbà tí mo ka "ẹ má ṣe jẹ ẹ́" fún Ìyá àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní ta ló tún kù tí a fẹ́ ṣẹ̀rù bà.


6

Mo rí i. Kí n sọ ọ́ báyìí kó kúrò lọ́nà.

A ti rọ òrí sínú ike gbogbo. Ó ṣì ń dán bí epo, torí òrí tiwa kì í dì tán. Ó ku ká dé e. Gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́, a fi àwọ̀n dé orí, a fi ìbomú dí ẹnu, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn, wọ́n wọlé.

A fa ìbomú sílẹ̀ ká lè kí wọn. Kí ni ká ṣe? A ò lè fi nǹkan dí ẹnu kí àgbàlagbà.

Wọ́n wò wá yí ká. Wọ́n ní, "Inú ta lẹ fẹ́ là?" A rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè pé níbo ni òrí yìí ń lọ, mo ní ọ̀dọ̀ Abeja. Wọ́n ní, "Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tutọ́ sí i?"

Ẹnikẹ́ni kò ronú nípa ìkìlọ̀ ara ògiri. Ẹni tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn, àgbà á tutọ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ tàbí níwájú orí, á sì súre fún un. Ohun tó ń lọ sọ́nà jíjìn náà ńkọ́? Wọ́n rìn gba iwájú àwọn ike náà kọjá láti òpin kan dé èkejì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ itọ́ sí i, fùú, fùú, bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀.

A ní kó rí bẹ́ẹ̀. A dé e.

Ká ní ejò ló wọlé ni, à bá pariwo.


7

Ṣé itọ́ lè pa ọmọ?


8

Lẹ́tà. Abeja ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sábẹ́.

Sí ẹni tí yóò dáhùn:

A rí kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ní ẹnu àti imú ènìyàn nínú ọjà tí o kó wọlé. A ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọmọ ìkókó kan tí wọ́n fi ọjà náà pa lára wà lábẹ́ ìtọ́jú.

Kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é, láti orí igi dé inú ike. Sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Buwọ́ lù ú.

Irọ́ nínú ìwé yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni. A ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé ìgbélùú rẹ.

Lábẹ́ rẹ̀, Abeja fi tirẹ̀ kún un: Agwang, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kọ ọ́ wá fún mi. Èmi ni mo máa buwọ́ lù ú.

Ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ó lè ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì purọ́ tí wọ́n mọ̀, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe òun ló máa mọ̀ bóyá irọ́ ni. Èmi ni.


9

ÌGBÉSẸ̀ TÍ A FI Ń ṢE ÒRÍ

1. A dúró kí èso já bọ́ fúnra rẹ̀. A kì í gbọn igi.
2. A jẹ ẹran ara rẹ̀, a tọ́jú kóró.
3. A se kóró, a sá a sóòrùn.
4. A fọ́ èèpo.
5. A ṣa èyí tó dúdú kúrò.
6. A lọ̀ ọ́, a fún un nínú ẹ̀rọ.
7. A sẹ́ ẹ.
8. A rọ ọ́ sínú ike.
9. Ìyá àgbà tutọ́ ìre sí i.
10. A dé e.


10

(kejì)

8. A rọ ọ́ sínú ike.
9. A dé e.


(kẹta)

8. A rọ ọ́ sínú ike.
9. Àgbàlagbà kan bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.
10. A dé e.


(kẹrin)

8. A rọ ọ́ sínú ike.
9. A gbàdúrà sí i. Ẹnu la fi ń gbàdúrà.
10. A dé e.


11

Ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́yìn ilé Imat Awor.

IMAT AWOR: Kà á sí wa létí.

(Mo ka èyí àkọ́kọ́.)

IMAT AWOR: Yọ ìkẹsàn-án.

ÈMI: Ìyá, Abeja ló máa buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá wá mọ̀ pé irọ́ ni…

IMAT AWOR: Ta ló máa sọ fún wọn? Ìwọ?

OBÌNRIN KAN: Wọ́n á ní a máa ń tutọ́ sí ọjà ká tó tà á.

OBÌNRIN MÌÍRÀN: Ṣé a ò tutọ́ sí i ni?

(Ẹ̀rín díẹ̀. Ó tán kíá.)

IMAT AWOR: Agwang, fetí sílẹ̀. Ìyá yẹn ló gbẹ̀bí mi. Òun ló gbẹ̀bí ìwọ náà. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á kọ "ìdọ̀tí" sábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ á gbà á?

ÈMI: Rárá.

IMAT AWOR: Wọn ò sì ní ra òrí kankan láti Otuke mọ́. Kí la fẹ́ jẹ?

ÈMI: Bí wọ́n bá ti Abeja mọ́lé ńkọ́?



Ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. A rò pé wọn ò gbọ́.


12

Wọ́n gbọ́.

Láti ìgbà náà, aṣọ funfun pélébé kan ló wà lẹ́nu Ìyá àgbà, wọ́n so ó sẹ́yìn orí. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ife tiwọn yàtọ̀, àwọn fúnra wọn ló ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lọ́nà jíjìn sí tiwa. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á kọjú sí igbó.

Ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti ẹnu ọ̀nà kọjá láìbú ọ ní orúkọ tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ó ń ṣàìsàn ni.

Àwọn ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò àṣejáde wá kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n na ọwọ́. Ìyá àgbà wo ọwọ́ kéékèèké yẹn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní ṣé òun máa fèèlì nìyẹn.




13

(Mo ya ojú ìwé yìí sọnù.)


14

Ìpè. Ssebowa.

SSEBOWA: Màdáámù, mo gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹ kọ ìwé.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

SSEBOWA: Ẹ máà kọ ọ́ gùn jù. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé jù, òun ni wọ́n máa ń fura sí.

ÈMI: Ọ̀gá, ike tí àwọn ọmọ yín fi din ẹyin, ṣé ẹyọ kan ni?

SSEBOWA: Ẹyọ kan.

ÈMI: Ṣé ike àyẹ̀wò ni lóòótọ́?

SSEBOWA: Wọ́n ní òun ni.

ÈMI: Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀?

SSEBOWA: Bóyá méjì ni. Wọ́n dé e padà dáadáa. Màdáámù, mo níyàwó, mo bímọ. Ẹ máà dárúkọ mi.


15

Nítorí náà, ó lè jẹ́ ìka ọmọkùnrin kan tó ń din ẹyin.

Ó lè jẹ́ ọwọ́ ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ó lè jẹ́ èmi. Ìbomú mi wà ní àgbọ̀n nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Ó lè jẹ́ ìre.


16

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kó lẹ́wà. Mo ń gbé itọ́ ara mi mì bí ẹni tó jí i. Mo ń fọ ọwọ́ kí n tó fọ ọwọ́. Àbúrò ọkọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wá kí mi, mo fà sẹ́yìn, ó sì rí i pé mo fà sẹ́yìn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo àwọn tí Ìyá àgbà ti tutọ́ sí. Ogwal, tó lọ sí Juba tí kò padà. Àwọn ìbejì tí sàréè wọn wà lódì kejì odò. Obìnrin tó ní òun ń lọ sí Lira, òun ń bọ̀, tí a ò tún rí mọ́.

Mo sọ fún ara mi pé, gbogbo àwọn tó padà ńkọ́? Ìwọ ńkọ́? Orí tìrẹ náà gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ.

Mo sọ fún ara mi pé kí n dẹ́kun.

Mi ò dẹ́kun.


17

Ohun tí Abeja máa ń sọ nípa ọjọ́ tó lọ.

Ọkọ̀ Lira ti ń pariwo lójú títì. Ìyá àgbà tutọ́ sí iwájú orí rẹ̀, wọ́n sì tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òrí àti odii, ẹ̀pà tí a lọ̀ mọ́ yànmọ̀tí, wà nínú báàgì rẹ̀, a dì í sáàárín aṣọ. Nígbà tó dé ìlú òyìnbó, àwọn aṣọ́bodè ń fa gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń tú ẹrù wọn, wọ́n ń da oúnjẹ wọn sínú garawa. Ó kàn án. Ọ̀gá aṣọ́bodè wojú rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Abeja ní láti Otuke dé ibẹ̀, òun kò nu iwájú orí òun.


18

Ìpè. Èmi àti Abeja. Mo gbà á sílẹ̀ torí mi ò fọkàn tán etí mi mọ́.

ABEJA: O ti kọ ọ́?

ÈMI: Mo ti kọ ọ́ lọ́nà mẹ́rin.

ABEJA: Lọ́nà mẹ́rin báwo?

ÈMI: Ọmọ náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?

ABEJA: Wọn ò sọ fún mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn náà, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo dúró síta, mo ń wo fèrèsé. Agwang, kí ló ṣẹlẹ̀ sí òrí yẹn? Lọ́yà ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní ohun tí mi ò mọ̀ ló máa pa mí.

ÈMI: Ìyá àgbà wọlé kí a tó dé e.

ABEJA: Ẹ̀n-ẹ́n.

ÈMI: Wọ́n tutọ́ sí i.

(Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.)

ABEJA: Gbogbo rẹ̀?

ÈMI: Gbogbo rẹ̀.

ABEJA: Kí ni wọ́n sọ?

ÈMI: Nígbà wo?

ABEJA: Nígbà tí wọ́n ń tutọ́. Ìre wo ni wọ́n sú?

ÈMI: Wọ́n ní kí ẹni tó bá fi pa ara má rí ibi.

(Ó ń sunkún, àbí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tíì mọ̀.)

ABEJA: Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

ÈMI: Imat Awor ní…

ABEJA: Ṣé orúkọ Imat Awor ló wà lára ike?


19

(karùn-ún)

8. A rọ ọ́ sínú ike.
9. Ìyá àgbà wa tutọ́ sí i. Ó ní kí ẹni tó bá fi pa ara má rí ibi. Bí a ṣe ń sìn ohun tó ń lọ sọ́nà jíjìn nìyẹn. A kò mọ̀ bóyá òun ló ṣe ọmọ náà.
10. A dé e.
11. Wọ́n ṣí ike kan tàbí méjì ní ibi ìkẹ́rù. A kò sí níbẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Abeja kí n tó ronú. Ó lọ.


20

IMAT AWOR: O ti fi ránṣẹ́?

ÈMI: Ó ti lọ.

IMAT AWOR: Ó dára. Máa gbádùn òótọ́ rẹ.


21

Sí ẹni tí yóò dáhùn:

A ti ka ìwé rẹ. Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án kò yé wa. Wá dáhùn ìbéèrè fúnra rẹ. O lè mú agbẹjọ́rò wá.


22

(lábẹ́ igi nẹ́tíwọ̀kì)

ABEJA: Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn

ABEJA: Lọ́yà kò tíì dé

ABEJA: Wọ́n ní tí mo bá wọlé wọ́n á gba fóònù

AGWANG: Ọmọ náà ńkọ́?

ABEJA: Mi ò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn. Kò wojú mi

ABEJA: Ẹ̀rù ń bà mí Agwang.

ABEJA: Ìyá àgbà dà?

AGWANG: Wọ́n wà nílé. Wọn ò tíì la ẹnu

ABEJA: Sọ fún wọn kí wọ́n tutọ́ sí mi

ABEJA: Bíi ọjọ́ yẹn

ABEJA: Jọ̀ọ́ tètè


23

Mo sáré.


24

Nínú yàrá Ìyá àgbà.

ÈMI: Ìyá àgbà, Abeja ní kí ẹ tutọ́ sí òun.

(Wọ́n mi orí.)

ÈMI: Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

(Wọ́n mi orí.)

ÈMI: Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

(Aṣọ ẹnu wọn ń wọlé, ó ń jáde, bí wọ́n ṣe ń mí.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó mọ̀?

ÈMI: Ó mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó mọ ohun tó wà lẹ́nu mi, ó sì ní kí n la á sí òun?

ÈMI: Ó ní kí ẹ tètè.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọmọ yẹn kò tíì gbọ́n síbẹ̀síbẹ̀. Fà mí dìde.


25

Láti ilé wa dé ìdí igi náà kò jìnnà, àmọ́ ẹsẹ̀ Ìyá àgbà kò gba eré mọ́. Mo di apá wọn mú. Mo fẹ́ gbé wọn, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò wá. Imat Awor náà dúró. Kò sí ẹni tó kí wa.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń rìn, ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni bóyá kí wọ́n ṣe é, àbí kí wọ́n má ṣe é. Mi ò mọ èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù.


26

Ìdí igi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Níbo ni ojú rẹ̀ wà nínú nǹkan yìí?

(Mo wá fọ́tò Abeja síta, èyí tó yà pẹ̀lú ike òrí àkọ́kọ́. Mo gbé fóònù sún mọ́ wọn. Mo tẹ ibi tí ń gba ohùn.)

(Wọ́n tú aṣọ náà. Ètè wọn ti là.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹnu mi ti gbẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

ÈMI: Ẹ gbìyànjú.

ÌYÁ ÀGBÀ: Abeja. Ṣé o ń gbọ́ mi? Èmi ni. Kí ẹnu tó bá bi ọ́ léèrè tutù. Kí ọwọ́ tó di ìwé rẹ mú dẹ̀. Kí ọmọ ọlọ́mọ yẹn jí, kó béèrè ọmú. Kí ẹni tó bá…

(Wọ́n wo ojú mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Fùú.


27

Mo fi ránṣẹ́.

Àmì kan ṣoṣo. Méjì ló ń fi hàn pé ó ti dé.


28

Ìyá àgbà jókòó sídìí igi, aṣọ náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì so ó padà. Wọ́n béèrè pé ó ti dé? Mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n tún béèrè.

Àmì kan ṣì ni. Bóyá ó ti wọlé, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni.

Itọ́ díẹ̀ wà lójú fóònù, ní iwájú orí Abeja gan-an. Etí aṣọ mi ti wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò tíì nù ún.